Ṣé gẹ̀gẹ̀ màmá mi ló ràn mí ni àbí oúnjẹ ló fa Hashimoto yìí?

Àdùkẹ́_Birmingham:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́ ó lóhun tó ń jẹ mí lọ́kàn. Ó ti tó ọdún kan tó ti ń rẹ̀ mí ṣáá, mo lè sùn fún wákàtí mẹ́wàá kí n jí bí ẹni tí ò sùn rárá, irun mi ń já, otútù ń mú mi débi pé ọkọ mi ń ráhùn owó gáàsì, mo sì rò pé iṣẹ́ alẹ́ tí mò ń ṣe ló fà á. Ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, TSH (ohun tó máa ń ga nínú ẹ̀jẹ̀ tí táírọ́ìdì inú ọrùn ò bá ṣiṣẹ́ tó) jẹ́ 11, antibody TPO (ohun tí ara fi ń bá táírọ́ìdì jà) ga gan-an, ni dókítà bá ní Hashimoto ni, àìsàn táírọ́ìdì kan, ó kọ levothyroxine, oògùn tó ń rọ́pò ohun tó yẹ kí táírọ́ìdì máa ṣe jáde, fún mi pé kí n máa lò ó lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló fi bá mi sọ̀rọ̀ o.

Màmá mi ní gẹ̀gẹ̀ nígbà kan, wọ́n gé e fún wọn lọ́dún 1986 kí wọ́n tó bí mi, àpá ẹ̀ ṣì wà lọ́rùn wọn. Ẹ̀gbọ́n màmá mi náà, ara wọn ń bó di funfun láwọn ibì kan. Ṣé ìran ni àbí oúnjẹ? Torí mo ní àbúrò obìnrin méjì. Sìsítà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sì ń ta sea moss, ewéko òkun kan, ó ní èròjà áyódíìnì ló wọ́n lára mi, pé tí mo bá lá a fún oṣù mẹ́ta màá ju oògùn dànù. Ẹlòmíì ní kí n jáwọ́ nínú gàrí. Gàrí kẹ̀!

Ọmọ_Ìjẹ̀bú:
Àǹtí ẹ fi gàrí sílẹ̀, ẹ̀gẹ́ ló ń fa gẹ̀gẹ̀, bàbá mi àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú ló ń sọ ọ́ o, ẹ wo bó ṣe máa dùn mí tó.

Lábù_Ìbàdàn:
Àǹtí Àdùkẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́. Mi ò kì í ṣe dókítà, yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ọwọ́ mi ni irú ẹ̀ ń gbà kọjá.

Gẹ̀gẹ̀ kàn ń sọ pé táírọ́ìdì wú ni, kò sọ ohun tó wú u. Nígbà tí wọ́n gé ti màmá yín, iyọ̀ wa ò tíì ní áyódíìnì, 1993 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fi sí i, torí náà ó lè jẹ́ àìrí áyódíìnì jẹ ló wú tiwọn, ó sì lè jẹ́ irú tiyín gan-an. Ti ẹ̀gẹ́ yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá o Ọmọ Ìjẹ̀bú, oró inú ẹ̀ tó bá dénú ara máa ń di nǹkan tó ń dínà mọ́ áyódíìnì, ṣùgbọ́n ẹni tí áyódíìnì ò tó lára ẹ̀ tó tún ń jẹ ẹ̀gẹ́ tí wọn ò ṣe dáadáa nìyẹn ń yọ lẹ́nu. Gàrí tí wọ́n rẹ, tí wọ́n fún, tí wọ́n yan, àǹtí ẹ máa mu ún lọ jàre.

Hashimoto yàtọ̀. Orúkọ dókítà ará Japan kan ni, òun ló kọ̀wé nípa ẹ̀ lọ́dún 1912. Bí ìgbà tí ọlọ́dẹ àdúgbò dédé rí lánlọ́ọ̀dù, tó ní olè ni, tó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú ni. Àwọn sójà ara yín ni ọlọ́dẹ, táírọ́ìdì ni lánlọ́ọ̀dù. Ìran sì wà níbẹ̀ dáadáa. Wọ́n wo àwọn ìbejì ní Denmark, àwọn tó wá látinú ẹyin kan náà, tí Táyé bá ní in, nínú 100 irú wọn, Kẹ́hìndé bíi 55 ló ní in, ṣùgbọ́n nínú àwọn tó wá látinú ẹyin méjì wọn ò rí ìkankan. Ẹ wá wo 55 yẹn dáadáa, jíìnì kan náà ni gbogbo wọn ní o, síbẹ̀ kò pé 100. Jíìnì bíi CTLA-4 ló yẹ kó jẹ́ búréèkì fáwọn sójà yẹn, tí búréèkì ò bá mú dáadáa, nǹkan míì ṣì máa ń ti mọ́tò kó tó lọ. Ti ẹ̀gbọ́n màmá yín tí ara wọn ń bó, ó máa ń wà nínú ẹbí kan náà pẹ̀lú èyí.

Sea moss ló ń bí mi nínú. Áyódíìnì tó bá pọ̀ jù máa ń mú kí ọlọ́dẹ yẹn tún le sí i ni. Denmark náà, nígbà tí wọ́n sọ áyódíìnì inú iyọ̀ di dandan lọ́dún 2000, gẹ̀gẹ̀ dín kù lóòótọ́ àmọ́ àwọn tí táírọ́ìdì wọn ò ṣiṣẹ́ tó pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba ni wọ́n fi sí i o. Nǹkan bíi 150 microgram lágbà ń lò lójúmọ́, ti ewéko òkun, ti ìgò yìí lè jẹ́ ìlọ́po ti ìgò tọ̀hún, ta ló wọ̀n ọ́n?

Kí àwọn àbúrò yín yẹ TSH wò tó bá ń ṣe wọ́n bó ṣe ń ṣe yín, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ lóyún.

ÌyáÌbejì_Houston:
Sìsí mi, ọdún kẹsàn-án mi lórí ẹ̀ rè é. Omi lásán ni kẹ́ ẹ fi lo oògùn yẹn láàárọ̀, kẹ́ ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30, tó bá lè tó 60 ó dáa jù, kẹ́ ẹ tó jẹun. Wàrà sóyà ni èmi fi ń gbé e mì, ọdún kan gbáko TSH mi ò wálẹ̀, dókítà ń fi kún oògùn, ó tún ń fi kún un, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo fi ń lò ó! Oògùn ẹ̀jẹ̀ (áyọ́ọ̀nù) àti kálísíọ̀mù, ẹ fi wákàtí mẹ́rin sáàárín àwọn àti levothyroxine.

Wọ́n máa sọ fún yín pé kẹ́ ẹ lo èròjà kan tí wọ́n ń pè ní sẹlẹ́níọ̀mù. Mo lò ó fún oṣù mẹ́fà, antibody mi wálẹ̀ díẹ̀, ara mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì fi levothyroxine sílẹ̀. Tó bá pọ̀ jù ó tún ń jẹ́ kí irun já, ohun tí ẹ̀ ń sá fún gan-an. Àti biotin tí wọ́n ń tà fún irun, ẹ dá a dúró ó kéré tán ọjọ́ méjì kẹ́ ẹ tó lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, ó máa ń ba èsì jẹ́, èmi náà ti fi í kó jìnnìjìnnì bá dókítà mi rí.

Àdùkẹ́_Birmingham:
Háà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ àti levothyroxine, ẹ̀ẹ̀kan náà ni mò ń gbé méjèèjì mì láràárọ̀ o, pẹ̀lú tíì oníwàrà! Mo pe màmá mi lálẹ́ àná pé kí ni wọ́n sọ nígbà tí wọ́n gé e, wọ́n ní dókítà ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ní kí wọ́n máa jẹ ẹja òkun. Sìsítà sea moss ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí, mi ò tíì gbé e.