Onílé mi ní Kothanur ò fẹ́ dá owó mi padà, ẹ gbà mí o

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Íńdíà. Inú ń bí mi gan-an. Kothanur ni mò ń gbé, ní etí Bengaluru, níbi tí ilé ń yọ bí olú. Oṣù kẹrin rèé tí bọ́hòòlù wa ti gbẹ. Táńkà la jọ ń dáwó rà, tó bá sì fi máa di aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ̀rọ á kàn máa fẹ́ atẹ́gùn. Lánàá, omi tí mo fi fọ abọ́ ni mo tún fi ṣan ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìyàwó onílé wá ní òórùn ẹja gbígbẹ mi ò jẹ́ káwọn tó ń gbé lókè wa gbádùn. Ẹja! Mo ní mo fẹ́ kó jáde, onílé ní òun ò ní dá owó kọ́ṣọ̀n padà, ìyẹn owó ìdúró tí a fi síbẹ̀ ká tó wọlé. Owó ilé oṣù 10 ni o!

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Nígbà tí a wà nítòsí adágún omi Varthur ní Bengaluru níbẹ̀, ìfófòó funfun ni atẹ́gùn ń gbé wá sójú títì. Àwọn ọmọ mi rò pé ọṣẹ ni, wọ́n fẹ́ lọ fi ṣeré. Ojú mi rí nǹkan!

Àlàbí: Ìwé àdéhùn ilé oṣù 11 tí wọ́n sábà máa ń ṣe níbí ńkọ́? Wo ohun tó sọ nípa owó ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilé téèyàn bá kó jáde. Wọ́n sábà máa ń yọ owó ilé oṣù kan fún un nínú owó kọ́ṣọ̀n.

Adé Ọ̀yọ́: Àgọ́ ọlọ́pàá ni kó o lọ, kíá! Kí onílé sì fa omi odò Kaveri wọlé, ṣebí wọ́n ti ṣí ìpele karùn-ún iṣẹ́ omi náà ní 2024 fún abúlé 110 etí ìlú.

Àlàbí: Páìpù tó dé àdúgbò kò túmọ̀ sí pé omi ti wọlé. Onílé ló máa sanwó kí wọ́n tó so ó.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ ṣeun. Mi ò sè ẹja yẹn lálẹ́ rí, ọ̀sán Sátidé nìkan ni.

Bàbá Ṣèyí: Ẹja kọ́ la bi ọ́. Ta ló fọwọ́ sí ìwé? Ṣé onílé fi fọ́ọ̀mù tó ń sọ pé àjèjì ń gbé nílé òun, èyí tí wọ́n ń pè ní Fọ́ọ̀mù C, ránṣẹ́ sí FRRO, ọ́fíìsì ìjọba tó ń forúkọ àjèjì sílẹ̀, láàárín wákàtí 24 tó o wọlé? Adé, má tì ọmọ ọlọ́mọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá ká tó mọ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ọ̀rẹ́ mi ló fọwọ́ sí i. Ó ti padà sílé láti oṣù kẹfà. Mo san owó kọ́ṣọ̀n fún un, mo sì dúró sínú ilé. Àdírẹ́ẹ̀sì họ́sítẹ́ẹ̀lì ló ṣì wà lọ́dọ̀ FRRO. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi.

Adé Ọ̀yọ́: Háà! Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Má lọ síbì kankan.

Bàbá Ṣèyí: Kò sẹ́ni tó máa bú ọ. Má bá onílé jà mọ́. Láàárọ̀ ọ̀la, lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè nílé ìwé rẹ, sọ òótọ́ nípa àdírẹ́ẹ̀sì. Lẹ́yìn náà, kí ọ̀rẹ́ rẹ kọ̀wé sí onílé pé ìwọ ni kó san owó náà fún. Ẹ̀rí báńkì dà?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Owó ọwọ́ ni mo san.

Bàbá Ṣèyí: Ẹ ò sọ ọ́ lórí WhatsApp ni?

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Mo ti rí i, sà. Ọ̀rẹ́ mi kọ ọ́ pé, “Owó ti pé, Ọlọ́run á bù kún ẹ.” Mò ń pè é báyìí, kò tíì gbé e.