Ìyá mi lẹ́yìn rọpárọsẹ̀: kí ló dé tí ìrántí kò fi padà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Epe ni mo ti ń kọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa ọpọlọ ni mo ń wá.

Oṣù méje sẹ́yìn ni rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá mi tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo. Ẹsẹ̀ wọn ti ń tẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìrántí ni kò bọ̀ sípò. Láàárọ̀ àná, wọ́n họ ìpẹ́ ẹja kan tán, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n tún gbé e, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ́. Gbèsè tí àwọn èèyàn jẹ wọ́n nígbà tí mo wà lọ́mọdé ńkọ́? Wọ́n á sọ iye rẹ̀ geere.

Mo kà pé hippocampus nínú ọpọlọ ló ń bá wa tọ́jú ìrántí tuntun. Ní 1998, àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ, Peter Eriksson àti Fred Gage, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn fi hàn pé àgbàlagbà ṣì ń ní sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tuntun níbẹ̀. Ní 2018, ìwádìí kan ta kò ó, òmíràn tì í lẹ́yìn. Lára eku, rọpárọsẹ̀ a máa mú kí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí pọ̀ sí i, àmọ́ àwọn kan nínú wọn kì í hù síbi tó yẹ.

Ṣé àwọn tó ṣìnà yìí ló ń da ìrántí rú? Eku tó ń sáré máa ń ní sẹ́ẹ̀lì tuntun sí i. Ṣé ìrìn tí mò ń mú màmá rìn nírọ̀lẹ́ lè ran iyè wọn lọ́wọ́, àbí ẹsẹ̀ nìkan ló wà fún? Ẹni tó ti tọ́jú irú aláìsàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe?