Báwo ni a ṣe lè yan orúkọ táàgì géèmù tí kò ní rú ẹnikẹ́ni lójú?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi èmi àti àwọn mìíràn ṣe alábòójútó táàgì, ìyẹn ọ̀rọ̀ kúkúrú tí a ń so mọ́ ìbéèrè láti fi hàn ohun tó dá lé, ní àwùjọ kan tí àwọn èèyàn ti ń béèrè ọ̀rọ̀ nípa géèmù, mo sì fẹ́ kí a fi ìlànà lélẹ̀ kí táàgì tó pọ̀ ju agbára wa lọ. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí báyìí, olúkúlùkù ló ń sọ táàgì lórúkọ bó ṣe wù ú. Géèmù kan ṣoṣo lè ní táàgì mẹ́ta, ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ọ̀kan pẹ̀lú àwọn lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ náà, àti ọ̀kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, táàgì “doom” nìkan ló ń kó ìbéèrè nípa géèmù ọdún 1993 àti ti ọdún 2016 pọ̀, bẹ́ẹ̀ ìdáhùn tó wúlò fún ọ̀kan kò wúlò fún èkejì. Ṣé orúkọ kíkún ni kí a máa lò, àbí kí a gba àgékúrú tó wà lẹ́nu àwọn tó ń gbá géèmù lójoojúmọ́? Ṣé gbogbo táàgì ló sì yẹ kó ní ọdún lára?

Ìdáhùn kìíní

Orúkọ kíkún ni kí ẹ fi ṣe táàgì, kí àgékúrú sì jẹ́ ọ̀nà àbùjá tí yóò darí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ sí orúkọ kíkún náà. Ẹni tó ti mọ géèmù tẹ́lẹ̀ nìkan ni àgékúrú máa ń yé. Ẹ wo “ac”. Àwọn tó ń gbá Assassin's Creed ń lò ó, àwọn tó ń gbá Animal Crossing ń lò ó, àwọn olólùfẹ́ Ace Combat àti Armored Core náà sì ka lẹ́tà méjèèjì yìí sí tiwọn. “Ds” tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó lè jẹ́ Dark Souls, ó lè jẹ́ Dead Space tàbí Death Stranding, ó sì lè jẹ́ Nintendo DS, èyí tí í ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń gbá géèmù. Bí irú àgékúrú bẹ́ẹ̀ bá wà nílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí táàgì, ìbéèrè yóò ṣáko lọ sáàárín àwọn tí kò kàn, ẹni tó mọ ìdáhùn rẹ̀ kò sì ní rí i. Nítorí náà, àgékúrú tó bá jẹ́ ti géèmù kan ṣoṣo ni kí ẹ darí, kí ẹ sì dí èyí tó ní ju oníǹkan kan lọ pátápátá, kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lè fúnra rẹ̀ yan èyí tó ń wá.

Ní ti nọ́ńbà, ẹ kọ ọ́ bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe géèmù náà ṣe kọ ọ́. Mo mọ̀ pé ó ń wu àwọn alábòójútó láti sọ gbogbo nọ́ńbà Róòmù di nọ́ńbà wa yìí kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba, ṣùgbọ́n Call of Duty: Modern Warfare 2 jáde lọ́dún 2009, Call of Duty: Modern Warfare II sì jáde lọ́dún 2022, géèmù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n. Ìlànà tó bá sọ II di 2 yóò da àwọn méjèèjì pọ̀ sínú táàgì kan. Níbí yìí, ọdún pọn dandan, nítorí pé ojú lásán kò lè tètè rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín orúkọ méjèèjì.

Ìdáhùn kejì

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ àgékúrú yẹn pátápátá. Lórí ọ̀rọ̀ ọdún, mo rọ̀ yín kí ẹ má ṣe fi sí ara gbogbo táàgì. Ẹni tó ń gbá Minecraft mọ orúkọ géèmù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ mọ ọdún tó jáde, bó bá tilẹ̀ fẹ́ mọ̀ ọ́n, èwo ni yóò mú? Láti ọdún 2009 ni àwọn èèyàn ti ń gbá a kí ó tó jáde ní pípé lọ́dún 2011. Bẹ́ẹ̀ náà ni Rust, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síta lọ́dún 2013 nígbà tí iṣẹ́ ṣì kù lórí rẹ̀, tí wọ́n sì kéde pé ó parí lọ́dún 2018. Ọdún tí kò yanjú ìṣòro kankan ń fi kún ohun tí ẹni tuntun gbọ́dọ̀ rò kí ó tó lè béèrè ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n níbi tí géèmù méjì bá ti ń jẹ́ orúkọ kan náà, àwọn méjèèjì ni kí ọdún wà lára wọn. Bí ẹ bá fi “god-of-war” sílẹ̀ fún ti ọdún 2005, tí ẹ wá fi ọdún sí ara ti 2018 nìkan, ẹni tó ń gbá ti 2018 yóò mú táàgì tó kọ́kọ́ rí, ẹ ó sì máa tún un ṣe lójoojúmọ́. Ti Prey tún hàn gbangba ju èyí lọ, nítorí pé géèmù ọdún 2006 àti ti ọdún 2017 kò jọ ní ìtàn pọ̀ rárá. Kí ó má ṣe sí “prey” lásán mọ́.

Ìdáhùn kẹta

Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà ni mo fẹ́ fi kún un. Ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé, ṣé ìdáhùn yóò yàtọ̀ bí ẹ̀dà bá yàtọ̀? Nínú Minecraft, redstone, ìyẹn ohun èlò tí a fi ń kọ́ ẹ̀rọ nínú géèmù náà, kò ṣiṣẹ́ bákan náà ní ẹ̀dà Java àti ẹ̀dà Bedrock, ẹ̀rọ tí ẹnì kan kọ́ tó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní ọ̀kan lè má mira rárá ní èkejì, nítorí náà ó tọ́ kí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní táàgì tirẹ̀ lẹ́yìn táàgì géèmù náà. Pokémon Sword àti Pokémon Shield ti ọdún 2019 ní tiwọn jọ ní ìrìn-àjò kan náà, táàgì kan sì tó wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi orúkọ ọ̀tá tó wà ní ìparí géèmù tàbí ohun tí ìtàn rẹ̀ ń fi pamọ́ ṣe táàgì. Táàgì máa ń hàn kí èèyàn tó ṣí ìbéèrè, ẹni tí kò tíì gbá géèmù náà parí kò sì ní ọ̀nà tó lè fi yẹra fún un. Èyí ń dùn mí gan-an, nítorí pé ohun tí èèyàn ti rí kò ṣeé gbà padà lójú rẹ̀.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ará. Ọ̀kan ṣì kù tó ń dààmú wa. Géèmù tó jáde ní Japan lọ́dún 1994 gẹ́gẹ́ bí Final Fantasy VI ni wọ́n tà ní Amẹ́ríkà lọ́dún kan náà gẹ́gẹ́ bí Final Fantasy III, bẹ́ẹ̀ Final Fantasy III gan-an ti wà ní Japan láti ọdún 1990. Orúkọ wo ni kí a tẹ̀lé?

Ìdáhùn kìíní

Ẹ tẹ̀lé VI, nítorí pé orúkọ yẹn ni ilé-iṣẹ́ náà ń lò fún un níbi gbogbo lónìí, òun sì ni ẹni tó bá rà á báyìí yóò rí. Ẹ má ṣe darí “final-fantasy-iii” síbẹ̀, nítorí pé géèmù tirẹ̀ wà. Ẹ kọ gbólóhùn kan sínú àlàyé táàgì méjèèjì pé ẹ̀dà Amẹ́ríkà ọdún 1994 tó ń jẹ́ III wà lábẹ́ VI, kí gbólóhùn náà sì jẹ́ àkọ́kọ́ nínú àlàyé, torí pé ìbẹ̀rẹ̀ àlàyé nìkan ni ó máa ń hàn nígbà tí èèyàn bá ń yan táàgì.