Oúnjẹ gbígbóná lórí Olúmirin nígbà ọyẹ́: ẹ wá gbọ́ tèmi

Ìyàwó Ìjẹ̀ṣà (Iléṣà):

Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o, ẹ̀yin ará. Ẹni tó fẹ́ kó àwọn ọ̀dọ́ ìjọ lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà nínú oṣù Ṣẹrẹ, tó ń béèrè oúnjẹ tí kò ní tutù kí wọ́n tó dókè, ìdáhùn tèmi kò gùn: móínmóín eléwé. Àlàyé rẹ̀ ló gùn.

Nínú ọyẹ́ tó kọjá, àbúrò ọkọ mi, tí mò ń pè ní Ọkọ Kékeré, kó àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ wá láti Ìbàdàn. Wọ́n fẹ́ gun Olúmirin, omi ọ̀sọ̀rọ̀ Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà yẹn, dé ìpele keje. Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí mọ̀ pé ìpele kìíní kò ní wàhálà. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ya fọ́tò, tí wọ́n á sì yí padà. Láti ibẹ̀ lọ, àpáta àti gbòǹgbò igi lèèyàn ń dì mú. Mo ní màá se móínmóín fún wọn. Ọkọ Kékeré ní, "Ìyàwó wa, Ìjẹ̀ṣà ni wá. Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn àlejò padà sílé láìjẹyán?"

Mo ní, "Ọkọ mi, òkè lẹ fẹ́ gùn, ẹ ò lọ síbi ìgbéyàwó." Kò gbọ́. Mo gún iyán fún un, mo sì se móínmóín tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bí mo ṣe ṣe é ni kẹ́ ẹ fetí sí. Alẹ́ ni mo ti bó ẹ̀wà. Ìdájí ni mo lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tàtàṣé, àlùbọ́sà àti ata rodo, mo fi ẹyin sísè àti ẹja sí i, mo sì fi ewé ẹẹ́ran tí mo rà lọ́jà Àtàkúnmọ̀sà pọ́n ọn. N kì í fi ọ̀rá pọ́n móínmóín tó ń lọ sókè. Ewé méjì-mẹ́ta tó wé mọ́ra máa ń há ooru mọ́nú, kò sì sí pé à ń wá abọ́ kiri: ẹ tú u, orí ewé náà lẹ ti ń jẹ ẹ́.

Kúlà ńkọ́? Ẹ da omi híhó sínú rẹ̀ ná, ẹ dé e pa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tó da omi náà nù. Kúlà tó tutù á kọ́kọ́ fa ooru oúnjẹ yín mu. Mo to móínmóín náà láti orí iná, gbígbóná fẹlifẹli, ó fún mọ́ra, mo wá fi tówẹ̀lì mímọ́ dí gbogbo àyè tó kù lókè. Àyè tó ṣófo nínú kúlà máa ń mú oúnjẹ tutù. Mo sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i lójú ọ̀nà. Atẹ́gùn ọyẹ́ yìí, láti aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń bọ̀, ó gbẹ. Ohun tó bá lómi lára ló ń fa omi rẹ̀, tòun tooru rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ètè wa náà ló ń ṣe oúnjẹ tí a ṣí sílẹ̀.

Ọkọ Kékeré ṣí kúlà iyán ní ìpele kejì, ó ń fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó tún ṣí i ní ìkẹrin. Àwọn àgbà ní iyán ogún ọdún a máa jó ni lọ́wọ́. Iyán àárọ̀ ọjọ́ yẹn kò jó ẹnikẹ́ni o! Ọ̀rá tí a fi wé e ti làágùn, iyán ti le gbagidi, ọ̀gbẹ́ni kan sì ń fi eyín fà á ya. Ẹ̀gúsí inú fláàsìkì ṣì gbóná ní tirẹ̀. Ọbẹ̀ kò jẹ̀bi.

Bí mo ṣe tú móínmóín àkọ́kọ́, ooru rú jáde. Àwọn kan tí a kò mọ̀ rí jókòó sórí àpáta kejì, mo ní, "Ẹ wá jẹun." Wọn ò sọ pé á gba ibi ire. Wọ́n dìde, wọ́n wá.

Ìrẹsì, mi ò fọwọ́ sí i. Ìrẹsì tó bá wà ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí lè da inú rú.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ifẹ̀:

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Àwa tí a wà ní OAU kò ní kúlà, kò sì sẹ́ni tó máa lọ ẹ̀wà ní ìdájí. Tí a bá fẹ́ gun àwọn òkè tó yí ọgbà ká, ògì àti àkàrà ni. Kí ògì ṣàn díẹ̀ ju ti ilé lọ, torí ó ń ki sí i nínú fláàsìkì. Ọ̀rẹ́ mi po tirẹ̀ ki, ṣíbí ló fi gbẹ́ ẹ jáde. Àkàrà náà, bébà la fi ń wé e. Ọ̀rá á jẹ́ kó rọ̀.

Ọmọ Ọbòkun nílùú òyìnbó:

Iléṣà nilé, Scotland ni mo wà. Ẹ máa dúpẹ́ fún ọyẹ́ yín. Níbí, nínú oṣù Ọ̀pẹ, oòrùn ti wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nítorí náà oúnjẹ ọ̀sán kì í pẹ́. Ọbẹ̀ ata tó ní ẹran gígé wẹ́wẹ́ ni mò ń gbé, nínú fláàsìkì ẹlẹ́nu gbòòrò. Ike omi, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ nínú báàgì: òkè lomi ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í di yìnyín, ẹnu rẹ̀ ò sì ní dí. Ẹ má jókòó sórí òkúta lásán náà, ó ń fa ooru ara. Ẹ wá nǹkan tẹ́ ẹ.

Ìyàwó Ìjẹ̀ṣà:

Àbúrò mi, ẹ kú àfaradà. Ẹni tó ni ìbéèrè, ẹ pín móínmóín náà sí kúlà kéékèèké tó lè wọ inú báàgì ẹ̀yìn, kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣófo fún àpáta. Bí ẹ bá ní kí n bá yín sè é, màá sè é. Ṣùgbọ́n ilé Òṣómàáló ni mo fẹ́ sí o: ẹni tó bá gbà á láwìn mọ bí wọ́n ṣe ń gbowó.