Àbúrò mi ò gba oúnjẹ Olúwa mọ́ nítorí ìbínú rẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará nínú Olúwa, inú máa ń tètè bí àbúrò mi. Bí ọmọ bá ṣèèṣì da omi sílẹ̀, ariwo rẹ̀ á gba gbogbo ilé; kò ní pẹ́, á wọ yàrá lọ sunkún. Ní báyìí, kì í gba oúnjẹ Olúwa mọ́, ó ní òun ò yẹ. Mo ka Róòmù 7:19 fún un, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní ohun búburú tí òun kò fẹ́ lòun ń ṣe. Ó ní kí n ka Róòmù 6:1 náà, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti béèrè bóyá ká máa dẹ́ṣẹ̀ nìṣó kí oore-ọ̀fẹ́ lè máa pọ̀ sí i. Òótọ́ ló sọ. Báwo ni mo ṣe lè fi oore-ọ̀fẹ́ tù ú nínú, láì fojú kéré ìbínú yẹn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bá irú rẹ̀ jà, kí ló ràn yín lọ́wọ́?