Ta ló lè tọ́ mi sọ́nà nípa ẹjọ́ ògógóró ayé òyìnbó?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Nígbà tí à ń tú àjà ilé bàbá bàbá mi lápá Òkìtìpupa, a rí páìpù bàbà kan tí wọ́n fi àkísà dì. Ó ti dúdú kanlẹ̀, amọ̀ gbígbẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ kan. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi rí i, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Ohun tó sọ bàbá wa dèrò ẹ̀wọ̀n nìyí." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣáà mọ àwọn àgbà wa.

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń se ògógóró: ògùrọ̀ tó ti kan ni wọ́n ń gbé kaná nínú àgbá, ooru rẹ̀ á gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, á wá máa kán tó, tó, tó sínú ìgò. Mo tún mọ̀ pé àdéhùn lórí ọtí líle nílẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ṣe ní Saint-Germain, nílẹ̀ Faransé, lọ́dún 1919 wà lára ohun tí òyìnbó fi kà á léèwọ̀. Lójú tèmi ṣá, owó ibodè orí jíìnì òkè òkun ló ń dùn wọ́n, kì í ṣe ẹ̀dọ̀ wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnì kan ti wá ìwé ẹjọ́ kóòtù ìbílẹ̀ rí ní ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn? Ṣé mo gbọ́dọ̀ mọ ọdún ẹjọ́ náà kí n tó lọ, àbí orúkọ nìkan tó? Ẹ̀yin tí wọ́n ti se ògógóró nílé yín ńkọ́, kí ni wọ́n ń fi amọ̀ yẹn ṣe?