Tó bá jẹ́ àdúgbò ló ń sọ ọmọ di ọ̀daràn, kí ló dá àwọn yòókù sí?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ìwà ọ̀daràn, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà ni.

Ti Cesare Beccaria, amòfin ará Ítálì, yé mi: lọ́dún 1764, ó ní èèyàn máa ń wo èrè àti ìyà kó tó dẹ́ṣẹ̀, nítorí náà kí ìjìyà dájú, kó sì tètè dé. Cesare Lombroso, dókítà ará Ítálì, ní tirẹ̀, lọ́dún 1876, ní wọ́n bí ìwà ọ̀daràn mọ́ àwọn kan ni, ó sì ń wo agbárí wọn láti fi dá wọn mọ̀. Àbùkù gbáà ni mo ka èyí sí fún ọmọ ènìyàn.

Ti Shaw àti McKay, àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ ní Chicago, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló wọ̀ mí lọ́kàn. Wọ́n rí i pé bí ẹ̀yà kan ṣe ń kó jáde ní àwọn àdúgbò òtòṣì ìtòsí àárín ìlú, tí òmíràn ń kó wọlé, ìwà ọ̀daràn àwọn ọ̀dọ́ ò kúrò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tó dàgbà níbẹ̀ náà ò jalè. Kí ló fà á? Nínú àwọn onímọ̀ nípa àwùjọ, ṣé Edwin Sutherland ló dáhùn rẹ̀, tó ní ọ̀dọ̀ àwọn tá a sún mọ́ la ti ń kọ́ ìwà ọ̀daràn, àbí Travis Hirschi, tó ní ìfẹ́ òbí àti ilé ìwé ló ń dá ọmọ dúró kó má bàa dẹ́ṣẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ. Èwo ni kí n kọ́kọ́ kà nínú àwọn méjèèjì?